Ọ̀sẹ̀ Kan Nínú Ọyẹ́ ní Fìdítì àti Ìlọràá

Ọ̀pọ̀lọpọ̀ ènìyàn ni ó gbà pé ọ̀nà méjì péré ni ojú ọjọ́ wa pín sí: òjò àti ẹ̀ẹ̀rùn. Wọn a ní bí òjò bá ti dá, ó di kí oòrùn máa ràn títí òjò mìíràn yóò fi dé. Ẹni tí ó ń gbé ìlú ńlá, tí ó ń ra gbogbo ohun tí ó ń jẹ lọ́jà, lè máa rò bẹ́ẹ̀ kí ó má sì pa á lára. Ṣùgbọ́n aya ilé tí ó ń sá èlùbọ́, tí ó ń fa omi ní kànga, tí ó sì pọn ọmọ ọwọ́ sẹ́yìn, mọ̀ pé ẹ̀ẹ̀rùn kì í ṣe ohun kan ṣoṣo. Láàárín ọ̀sẹ̀ kan nínú oṣù Ṣẹ́rẹ́, ojú ọjọ́ lè yí padà lẹ́ẹ̀mẹ́ta tàbí lẹ́ẹ̀mẹ́rin, ìyípadà kọ̀ọ̀kan a sì máa béèrè ohun tirẹ̀ lọ́wọ́ obìnrin.

Mo lo irú ọ̀sẹ̀ bẹ́ẹ̀ ní agbègbè Afijió ní Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́. Afijió kì í ṣe orúkọ ìlú kan. Àkópọ̀ ni, tí a fà yọ láti inú orúkọ àwọn ìlú tí ó para pọ̀ di ìjọba ìbílẹ̀ náà. Lára wọn ni Fìdítì, Ìlọràá, Awẹ́, Akínmọ̀ọ́rìn, Ìmìnì, Ìwàrè, àti Jọ́bẹ̀lẹ̀ tí í ṣe olú ìjọba ìbílẹ̀. Ẹni tí ó bá ti gba ọ̀nà àtijọ́ láti Ìbàdàn lọ sí Ọ̀yọ́ rí yóò ti kọjá láàárín wọn, bóyá láì sọ̀ kalẹ̀.

Bí a bá wọ̀n ọ́n láti etí òkun, Fìdítì jìn tó nǹkan bí 140 kìlómítà. Kò sún mọ́ òkun tó bí Èkó, tí afẹ́fẹ́ olómi kì í fi bẹ́ẹ̀ fi sílẹ̀ yípo ọdún, kò sì jìnnà tó bí Kánò, níbi tí ọyẹ́ ti ń jókòó pẹ́ bí onílé. Afẹ́fẹ́ méjì ni ó ń du ilẹ̀ yìí mọ́ ara wọn lọ́wọ́. Èkínní ń ti orí òkun bọ̀, ó gbé omi lọ́wọ́. Èkejì ń ti aginjù Sàhárà bọ̀, ó gbẹ, ó sì gbé eruku. Nígbà òjò, afẹ́fẹ́ òkun a máa borí, a sì máa lé èkejì lọ kọjá Òkè Ọya. Nígbà tí ó bá di oṣù Ọ̀pẹ àti Ṣẹ́rẹ́, afẹ́fẹ́ aginjù a gba ẹ̀san, a sì ti afẹ́fẹ́ òkun padà títí dé ìtòsí ọ̀sà. Ní irú àkókò bẹ́ẹ̀, ilẹ̀ Afijió kò jìnnà sí ojú ààlà àwọn méjèèjì. Ìdí nìyí tí ọyẹ́ fi lè mú níbẹ̀ lónìí, kí kùrukùru sì bo ilẹ̀ lọ́tùn-únla.

Ọjọ́ Àìkú: Ooru

Ooru ni ó kí mi káàbọ̀ sí Fìdítì. Oòrùn ọ̀sán mú ganrínganrín, òógùn sì ń gba ẹ̀yìn ọrùn ṣàn wọ inú bùbá. Bí ọkọ̀ wa ti ń wọ ìlú ni àwọn ọlọ́sàn ń sáré tẹ̀lé e. Fìdítì ti di olókìkí nípa èso láti ọjọ́ pípẹ́, kò sì sí ìgbà tí òkìkí náà ń hàn tó ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn. Ọsàn wà nílẹ̀ ní òkìtì òkìtì, àwọn mìíràn ti di bíbó, wọ́n to wọ́n sórí àtẹ. Ìbẹ́pẹ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn, ọ̀pẹ̀yìnbó náà kò sì gbẹ́yìn. Ẹ̀yin ìyá, ẹ má ṣe fi ojú kékeré wo ọsàn nígbà ọyẹ́. Omi wà nínú rẹ̀ fún ara tí ó ń gbẹ, èròjà fítámì C tí ó wà nínú rẹ̀ sì ń ran ara lọ́wọ́ láti dènà àìsàn. Ọmọ tí ó kọ̀ láti mu omi kì í sábà kọ ọsàn.

Ọ̀dọ̀ ìyá àgbà kan tí ó jẹ́ ìbátan ọkọ mi ni mo wọ̀ sí. Nínú ilé náà ni ìyàwó ọmọ-ọmọ rẹ̀ wà, ọmọdébìnrin tí ọjọ́ orí rẹ̀ kò ju mẹ́tàlélógún lọ, tí ó ní àkọ́bí ọmọ oṣù márùn-ún. Ìbàdàn ni ọkọ rẹ̀ ti ń ṣe iṣẹ́ mẹkáníìkì, ìparí ọ̀sẹ̀ ni ó máa ń wá sílé. Bí mo ti wọlé ni ó kúnlẹ̀, ó ní, "Ẹ káàbọ̀, ìyáálé mi. Ẹ kú ìrìn." Kò pẹ́ tí ó fi mú mi lọ wo ohun tí ó wà ní ẹ̀yìnkùlé. Iṣu ni, ó tò wọ́n sábẹ́ ìbòòji. Owó àjọ rẹ̀ tí ó kó ní ìparí ọdún ni ó fi rà wọ́n, gbogbo rẹ̀ láì ku kọ́bọ̀. Ó fẹ́ fi wọ́n ṣe èlùbọ́, kí ó tọ́jú rẹ̀ pamọ́ di ìgbà tí iṣu yóò wọ́n, kí ó sì fi èrè rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ òwò tirẹ̀. Ohun kan ṣoṣo tí ó ń dúró dè ni ọyẹ́.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, ìyá àgbà jókòó sí ẹnu ọ̀nà, ó gbé ojú sí òkè. Ó fi ahọ́n tọ́ ètè rẹ̀ wò, ó ní, "Ẹ wá aṣọ tí ó nípọn. Ọyẹ́ ti kúrò nílé."

Ọjọ́ Ajé: Ọyẹ́ wọlé

Kí ilẹ̀ tó mọ́, afẹ́fẹ́ ti yí ẹ̀yìn padà. Àwọn ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ tí wọ́n ń ṣẹ́ sí ìhà kan tẹ́lẹ̀ ti ń ṣẹ́ sí ìhà kejì. Nígbà tí mo ṣí fèrèsé, mi ò rí ilé tí ó wà ní òdìkejì ọ̀nà dáradára, bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe ìrì. Òórùn eruku ni ó wà nínú afẹ́fẹ́. Oòrùn yọ láì ní ìtànṣán, ó funfun bí àwo tánganran, ènìyàn sì lè tẹjú mọ́ ọn. Ní ojú ọ̀nà, "Ẹ kú ọ̀gìnnìtìn o" ni olúkúlùkù fi ń kí ara wọn, pẹ̀lú apá ní kíká mọ́ àyà.

Ọjọ́ kan ṣoṣo ti tó fún ọyẹ́ láti fi ọwọ́ rẹ̀ hàn. Ilẹ̀kùn tí kò ṣe é tì láti ìgbà òjò, nítorí pé igi rẹ̀ ti wú, padé wẹ́rẹ́. Aṣọ tí a sá ní àárọ̀ ti gan kí a tó kó ìyókù jáde. Ètè sán, gìgísẹ̀ ń hẹ, irun orí àwọn ọmọdé sì pupa fún eruku. Ìyàwó kékeré fi aṣọ nu tábìlì lẹ́ẹ̀mẹ́ta kí ọ̀sán tó pọ́n, nígbà kẹta ó rẹ́rìn-ín, ó sì jù ú sílẹ̀.

Ó dára kí a mọ ibi tí eruku yìí ti ń wá. Ní orílẹ̀-èdè Chad, ní àríwá ìlà-oòrùn Adágún Chad, kòtò ilẹ̀ ńlá kan wà tí a ń pè ní Bodélé. Àwọn òkè Tibesti àti Ennedi dúró ní ìhà kìn-ín-ní kejì lókè rẹ̀, afẹ́fẹ́ a sì máa gba àárín wọn kọjá pẹ̀lú agbára bí ìgbà tí omi bá ń gba ojú ihò tóóró. Ní ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọdún sẹ́yìn, abẹ́ omi ni ibẹ̀ wà, nígbà tí Adágún Chad tóbi ju bí ó ti wà lónìí lọ lọ́pọ̀ ìlọ́po. Omi náà gbẹ, ó sì fi ìkarahun àwọn ohun abẹ̀mí wẹ́wẹ́ inú omi sílẹ̀, èyí tí ó fúyẹ́, tí ó sì funfun. Wọ́n wà lára ohun tí afẹ́fẹ́ ń gbọ́n kó, tí ó ń gbé wá bá wa láti ibi tí ó jìn tó 1,800 kìlómítà sí Fìdítì. Eruku tí ẹ̀ ń nù kúrò lórí àga yín, ó ṣeé ṣe kí ó ti jẹ́ ìsàlẹ̀ omi rí.

Kò sì dúró lọ́dọ̀ wa. Ní ọdún 2015, àwọn onímọ̀ ìjìnlẹ̀ tí wọ́n lo ẹ̀rọ ojú òfuurufú ilẹ̀ Amẹ́ríkà gbé ìṣirò jáde pé eruku Sàhárà tí ó ń sọdá òkun Àtìláńtíìkì tí ó sì ń balẹ̀ sí igbó ńlá Amazon ní Gúúsù Amẹ́ríkà tó mílíọ̀nù 27 tọ́ọ̀nù lọ́dún, àti pé ajílẹ̀ phosphorus tí ó wà nínú rẹ̀ tó 22,000 tọ́ọ̀nù. Ohun tí ó ń sán ètè wa níhìn-ín ni ó ń bọ́ igi níbẹ̀.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun: Iṣẹ́ èlùbọ́

Bí ọyẹ́ ti fi ẹsẹ̀ múlẹ̀, iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀. Àwọn obìnrin agbo ilé náà jókòó yí òkìtì iṣu ká, olúkúlùkù mú ọ̀bẹ. A bẹ iṣu, a gé e, a fọ̀ ọ́. A gbé ìkòkò ńlá kaná, ṣùgbọ́n a kò jẹ́ kí omi rẹ̀ hó. Omi tí ọwọ́ kò lè gbà pẹ́ ni a fẹ́. Inú rẹ̀ ni a bọ iṣu sí, tí a sì fi rẹ̀ di ọjọ́ kejì kí a tó sá a. Ìyá àgbà ní bí omi bá hó, iṣu yóò jinná, èlùbọ́ rẹ̀ kò sì ní dára. Bí omi bá sì tutù jù, àmàlà rẹ̀ kì yóò fà.

Èyí tí ìyàwó kékeré ti rẹ ní alẹ́ ọjọ́ Ajé ni ó kọ́kọ́ sá ní òwúrọ̀ yìí. Àwọn kan ní agbègbè náà a máa sá tiwọn sí etí títì, nítorí pé ọ̀dà títì máa ń gbóná. Ìyá àgbà kò gbà. "Ohun tí ọkọ̀ ń tú sílẹ̀ nídìí, ṣé ó yẹ kí ó wọ inú ọbẹ̀ ẹnìkan?" Orí pẹpẹ tí a fi igi kàn, tí ó ga kúrò ní ilẹ̀ tó ìbàdí, ni ó ní kí a sá a sí, lórí ẹní tí ó mọ́, kí afẹ́fẹ́ lè gba òkè gba ìsàlẹ̀, kí ewúrẹ́ àti adìẹ má sì dé ibẹ̀. Ó ní kí a fi àwọ̀n tín-ín-rín bò ó nítorí eruku. Iṣu tí a sá yìí ni a ń pè ní gbódó nígbà tí ó bá gbẹ. Bí ó bá gbẹ tán, bí a bá ṣẹ́ ẹ, yóò dún kàù. Èyí tí ó bá tẹ̀ láì dún kò tíì tó lọ̀.

Nínú ọyẹ́ gidi, ọjọ́ mẹ́ta sí mẹ́rin ti tó. Ìyàwó kékeré ṣírò lórí ìka: ọjọ́ Ẹtì tàbí Àbámẹ́ta. Ọjọ́ Àbámẹ́ta ni ọkọ rẹ̀ ń bọ̀.

Ọjọ́rú: Òru tí ó tutù jù lọ

Òru ọjọ́ Ìṣẹ́gun mọ́ Ọjọ́rú ni òtútù ọ̀sẹ̀ náà pọ̀ jù. Ní irú òru bẹ́ẹ̀ ní agbègbè yìí, òṣùwọ̀n lè lọ sí ìsàlẹ̀ 20 lórí ìwọ̀n Celsius, nígbà tí ọ̀sán ọjọ́ kan náà lè ju 32 lọ. Ojú sánmọ̀ tí kò ní ìkùukùu ni ó ń fa èyí. Ooru tí ilẹ̀ gbà ní ọ̀sán kò rí ohun tí yóò bò ó, ó sì ń sá lọ ní òru. Ara àgbàlagbà lè fara dà á. Ara ọmọ oṣù márùn-ún kò rí bẹ́ẹ̀.

Ìyàwó kékeré ti gbọ́ bí ọmọ rẹ̀ ṣe ń húkọ́ díẹ̀díẹ̀. Ó ronú ohun tí ìyá tí ó fẹ́ràn ọmọ lè rò. Ó dá èédú sínú àdògán, ó duro títí ó fi pọ́n, ó gbé e wọ yàrá, ó sì ti ilẹ̀kùn àti fèrèsé pa. Ìyá àgbà tí ó ń lọ sùn ni ó rí ìmọ́lẹ̀ pupa lábẹ́ ilẹ̀kùn. Kò kan ilẹ̀kùn. Ó ṣí i, ó gbé àdògán náà jáde sí àgbàlá, ó padà wá ṣí fèrèsé, lẹ́yìn náà ni ó tó sọ̀rọ̀. "Ọmọ mi, èyí kì í jẹ́ kí ènìyàn jí. Ó ti pa tọkọtaya lójú mi rí, kò sì sí ọgbẹ́ lára wọn."

Ẹ̀yin abiyamọ, ẹ jẹ́ kí a tẹ̀ ẹ́ mọ́ etí ara wa. Èédú tí ó ń jó nínú yàrá títì ń tú gáàsì olóró kan jáde tí a ń pè ní carbon monoxide. Kò ní òórùn, kò ní àwọ̀, kò sì ń ta ènìyàn lójú bí èéfín igi. Ó ń gba ipò afẹ́fẹ́ rere nínú ẹ̀jẹ̀, ẹni tí ó ń fà á símú yóò kàn rò pé oorun ń kun òun ni. Bí èédú bá ti pọ́n tí kò sì rú èéfín mọ́, kì í ṣe pé ewu rẹ̀ ti tán. Ìgbà náà gan-an ni ó ń tan ènìyàn jẹ. Ẹ̀rọ amúnáwá tí a gbé sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ ń ṣe irú iṣẹ́ ibi kan náà.

Ohun tí ìyá àgbà fi rọ́pò iná rọrùn. Ó ní kí a wọ aṣọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ méjì fún ọmọ dípò ẹyọ kan tí ó nípọn, kí a wọ ìbọ̀sẹ̀ fún un, kí a sì ti fèrèsé tí ó kọjú sí afẹ́fẹ́, ṣùgbọ́n kí a ṣí èkejì díẹ̀. Ní òwúrọ̀, kò jẹ́ kí a wẹ ọmọ náà àfi ìgbà tí oòrùn ti gòkè, nínú omi tí ó lọ́ wọ́ọ́rọ́, tí a sì nu ún gbẹ kíá. Kí ara rẹ̀ tó gbẹ tán ni ó ti fi òrí pa á láti orí dé ẹsẹ̀, nítorí pé òrí a máa há omi mọ́ ara. Àdí náà dára fún ara. Ṣùgbọ́n kí ẹnikẹ́ni má ṣe ro àdí tàbí epo sí ọmọ nímú nítorí kí imú rẹ̀ lè là. Ó lè gba ibẹ̀ wọ ẹ̀dọ̀fóró, kí ó sì dá àìsàn mìíràn sílẹ̀. Ọmú ni kí a fún un léraléra ju ti àtẹ̀yìnwá lọ. Bí ọmọ tí ó ní àrùn fòníkúfọ̀ladìde bá wà nínú ilé, kí a tọ́jú rẹ̀ ju àwọn yòókù lọ ní àkókò yìí, nítorí pé òtútù àti àìmu omi tó a máa ta ìrora rẹ̀ jí.

Ọjọ́bọ̀: Ìlọràá àti iná igbó

Ní Ọjọ́bọ̀ mo lọ sí Ìlọràá. Ìlọràá ní ìtàn tí ó yẹ kí gbogbo ọmọ àgbẹ̀ mọ̀. Ní 1959 ni ìjọba Ẹkùn Ìwọ̀-Oòrùn bẹ̀rẹ̀ ètò ìtẹ̀dó àgbẹ̀, nígbà tí Olóyè Akin Deko jẹ́ mínísítà ètò ọ̀gbìn. Ọ̀nà tí àwọn ará Ísírẹ́lì ń gbà ṣe iṣẹ́ oko ní abúlé wọn ni wọ́n wò kọ́ṣẹ́. Èrò wọn ni pé kí àwọn ọ̀dọ́ tí ó kàwé má ṣe sá lọ sí ìlú ńlá, kí wọ́n rí ilẹ̀, ilé, àti owó tí wọn yóò fi bẹ̀rẹ̀. Ìlọràá wà lára àwọn ibi tí wọ́n kọ́kọ́ tẹ̀ dó. Gbogbo ohun tí wọ́n gbèrò kọ́ ni ó ṣẹ, ṣùgbọ́n orúkọ náà kò parẹ́ lẹ́nu àwọn ènìyàn.

Lójú ọ̀nà, màjàlà ń já bọ́ sí wa lórí bí ìyẹ́ dúdú. Àwọn àgbà ní bí iná bá jó oko, màjàlà ni yóò wá ròyìn nílé. Ní òkèèrè, èéfín gùn lọ sókè, àwọn àwòdì sì ń fò yí i ká, wọ́n ń dọdẹ eku àti tata tí iná lé jáde. Koríko ti gbẹ bí ìwé. Ẹni tí ó fẹ́ ṣọdẹ òkété kan lè fi iná jó ọgbà ọsàn ẹni tí kò mọwọ́ mẹsẹ̀, igi tí a ti ń ro ìdí rẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún kí ó tó máa so dáradára. Àwọn olóko tí ó gbọ́n ti ro etí oko wọn yíká kí oṣù Ọ̀pẹ tó parí, wọ́n gbá gbogbo koríko rẹ̀ kúrò títí ilẹ̀ fi hàn pupa, kí iná lè dé ibẹ̀ kí ó kú. Nínú ilé pẹ̀lú, ìkìlọ̀ kan náà ni: kí a má ṣe da eérú gbígbóná sí ààtàn nígbà ọyẹ́, kí a sì bu omi pa ìdí iná kí a tó lọ sùn.

Nígbà tí mo ń padà bọ̀ ní ìrọ̀lẹ́, mo ṣàkíyèsí pé òtútù ọjọ́ náà kò mú bí ti àná. Afẹ́fẹ́ ti dákẹ́, ewé kan kò mì.

Ọjọ́ Ẹtì: Kùrukùru

Afẹ́fẹ́ òkun ti padà ní òru. Bí ó ti kan ilẹ̀ tí ó tutù, omi inú rẹ̀ di kùrukùru, ó sì bo Fìdítì mọ́lẹ̀. Ti ọjọ́ Ajé jẹ́ eruku, èyí jẹ́ omi. Ó ń kán láti etí páànù, ó sì mú kí ẹní àti aṣọ tutù. Gbódó tí ó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ máa dún kàù ní ìrọ̀lẹ́ Ọjọ́bọ̀ ti bẹ̀rẹ̀ sí tẹ̀ lọ́wọ́. Gbogbo owó àjọ ìyàwó kékeré wà lórí pẹpẹ náà.

Ṣùgbọ́n nígbà tí ó jáde láti kó o, ọmọ ń mí gúlegúle lẹ́yìn rẹ̀. Ikọ́ ti yí ohùn padà, ọmọ náà sì ti kọ ọmú lẹ́ẹ̀mejì láti òru. Ó dúró ní àárín àgbàlá, ó wo pẹpẹ, ó wo ojú mi. Ó ní, "Ìyáálé mi, bí mo bá kọ́kọ́ kó o wọlé, tí mo sì tan iná sí i lábẹ́, ṣé kò lè di ọ̀sán kí n tó gbé e lọ?"

Mo ní kí ó tú aṣọ ọmọ sókè kí a wo àyà rẹ̀. Bí ọmọ náà ti ń mí ni abẹ́ egungun ìhà rẹ̀ ń wọnú. A ka mímí rẹ̀ fún ìṣẹ́jú kan gbáko, ó ju àádọ́ta lọ. Òṣùwọ̀n tí Àjọ Ìlera Àgbáyé fi kọ́ àwọn òṣìṣẹ́ ìlera nìyí: bí ọmọ oṣù méjì sí oṣù méjìlá bá mí tó 50 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ ní ìṣẹ́jú kan nígbà tí kò sunkún, ó yára jù. Fún ọmọ tí kò tíì pé oṣù méjì, 60 ni. Bí ó bá tún kan àyà wíwọnú, tàbí kíkọ ọmú, kò sí ohun tí ó tún kù fún ilé láti ṣe. Kì í ṣe ọ̀rọ̀ àgbo, kì í sì í ṣe ọ̀rọ̀ ọ̀sán. Òtútù àyà a máa yára.

Ìyá àgbà ti mú ìborùn jáde. Ó ní, "Gbé ọmọ lọ. A kì í sá ọmọ sórí pẹpẹ. Èlùbọ́ kì í jẹ́ ìyá ẹnikẹ́ni." Ọlọ́kadà ti wà ní ẹnu ọ̀nà, ṣùgbọ́n ìyá àgbà kò gbà kí wọ́n gbé ọmọ náà la kùrukùru kọjá lórí alùpùpù. Takisí ni a dá dúró. Èmi àti ìyàwó kékeré ni a jọ lọ sí ilé ìwòsàn. Dókítà tí ó yẹ ọmọ náà wò ní òtútù àyà ti ń bẹ̀rẹ̀, ó sì dára bí a ti tètè dé. Wọ́n fún un ní oògùn, wọ́n sì ní kí a dúró di ìrọ̀lẹ́ kí wọ́n lè máa wò ó. Ní nǹkan bí agogo mẹ́rin, ọmọ náà gba ọmú. Ìyá rẹ̀ kò sọ̀rọ̀, ó kàn ń fi ìka nu òógùn kúrò ní iwájú orí ọmọ náà.

Nígbà tí a dé ilé, pẹpẹ ti ṣófo. Obìnrin mẹ́fà nínú agbo ilé náà ni ó kó gbódó wọlé. Wọ́n pín in sí yàrá mẹ́ta kí ó má baà gbóná mọ́ ara rẹ̀, wọ́n tẹ́ ẹ fẹ́lẹ́, wọ́n sì ṣí gbogbo fèrèsé nígbà tí kùrukùru ká ní ọ̀sán. Kò sí ẹni tí ó rán wọn.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta: Oòrùn padà

Oòrùn mú ní ọjọ́ Àbámẹ́ta, ojú sánmọ̀ sì mọ́ bí ẹni pé ọyẹ́ kò wá rí. A tún gbódó sá láti òwúrọ̀. Nígbà tí ó di ìrọ̀lẹ́, ìyá àgbà jókòó, ó ń ṣẹ́ ẹ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, ó ń yà á sọ́tọ̀. Èyí tí ó dún kàù lọ sí inú apẹ̀rẹ̀ kan. Èyí tí kò tíì dún padà sí orí ẹní. Ṣùgbọ́n apẹ̀rẹ̀ kan wà tí ó ti bu, tí àmì dúdú àti àwọ̀ ewé ti wà lára rẹ̀, nítorí pé igun tí ó wà kò rí afẹ́fẹ́.

Ìyàwó kékeré bẹ̀bẹ̀ pé kí òun ha ara rẹ̀ kúrò, kí òun lọ̀ ọ́ pọ̀ mọ́ ìyókù, ẹnikẹ́ni kì yóò mọ̀. Ìyá àgbà da apẹ̀rẹ̀ náà sí ààtàn. Ó mọ̀ ọ́n lọ́nà tirẹ̀, pé èlùbọ́ tí ó bu máa ń korò, kì í sì jẹ́ kí oníbàárà padà. Àwọn onímọ̀ ìjìnlẹ̀ ti fi tiwọn kún un. Irú ohun tí ó máa ń hù lára oúnjẹ báyìí lè pèsè oró kan tí wọ́n ń pè ní aflatoxin, tí ó ń ba ẹ̀dọ̀ jẹ́. Fífọ̀ kò mú un kúrò, iná tí a fi ń ro àmàlà kò sì lè pa á tán. Ẹni tí ó bá lọ̀ ọ́ pọ̀ ti kó oró wọ inú èyí tí ó dára.

Ọkọ rẹ̀ dé ní alẹ́. Ó gbé ọmọ, ó gbọ́ gbogbo bí ó ti rí, ó sì wo àwọn apẹ̀rẹ̀. Apẹ̀rẹ̀ mẹ́rin ni ó yẹ kí ó jẹ́, mẹ́ta ni ó kù. Ìyàwó rẹ̀ ní èrè náà ti dín kù. Ó dáhùn pé òun ti ka ẹni tí ó wà nínú ilé, ó sì pé.

Ẹ̀yin ìyàwó wa àti ẹ̀yin abiyamọ, ọyẹ́ kì í ṣe ọ̀tá. Òun ni ó ń gbẹ èlùbọ́ àti láfún wa, òun ni ó ń lé ọ̀rinrin kúrò nínú ilé. Àwọn òyìnbó tí ó gbé etí òkun wa nígbà kan tilẹ̀ ń pè é ní dókítà, nítorí pé ara máa ń tù wọ́n bí ó bá lé ooru olómi lọ. Ṣùgbọ́n àlejò tí ó ń wá tí ó ń lọ láì dágbére ni. Kí a máa wo ojú sánmọ̀ ní ìrọ̀lẹ́ kí a tó pinnu iṣẹ́ ọ̀la. Kí a ní ọ̀rá tàbí ìbòrí nílẹ̀ tí a ó fi bo ohun tí a sá bí kùrukùru bá dé. Kí èédú má wọ yàrá. Kí a mọ bí a ti ń ka mímí ọmọ, kí a sì mọ ọ̀nà ilé ìwòsàn ní òru bí a ti mọ̀ ọ́n ní ọ̀sán. Ju gbogbo rẹ̀ lọ, kí a má ṣe dá gbé bí ẹni tí kò ní ará ilé, nítorí pé ọwọ́ kan kò lè kó gbódó kí ó tún gbé ọmọ lọ sọ́dọ̀ dókítà.

Ẹ kú ọ̀gìnnìtìn o. Kí ọyẹ́ má mú wa, kí ó sì bá wa gbẹ èlùbọ́ wa.